Fọ́ọ̀mù Tí Kò Mọ Àǹtí

Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ bá yín san owó ilé ìwé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbéèrè kan: ta ló bí yín? Wọn ò béèrè ẹni tó tọ́ yín o. Wọn ò béèrè ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù, tó wá gbé yín ní pápákọ̀ òfurufú, tó fún yín ní yàrá abẹ́ ilé àti kóòtù òtútù tí ọmọ ẹ̀ ò wọ̀ mọ́. Ẹni tó bí yín ni wọ́n ní àwọn ń béèrè. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọmọ Yorùbá pẹ̀lú FAFSA ti bẹ̀rẹ̀.

FAFSA ni fọ́ọ̀mù tí ẹ óò kọ kí ìjọba àpapọ̀ tó mọ̀ bóyá owó ìrànwọ́ tọ́ sí yín ní kọ̀múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà ládùúgbò. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà F tó ṣáájú orúkọ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ló dúró fún. Síbẹ̀, ẹnì kan á wà níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gba 100 dọ́là láti bá èèyàn kọ ọ́. Ẹ kí i, ẹ béèrè ìyàwó àtọmọ, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ sí studentaid.gov. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ló yẹ kí wọ́n máa ṣí i fún ọdún ìwé tó ń bọ̀, ìjọba àpapọ̀ sì máa ń gbà á títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tí ọdún ìwé náà parí. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ń pa wá. Ẹni tí wọ́n pè sí òde aago 2 tó dé aago 5, ó ti gbọ́ pé oṣù Kẹfà ni, ó ti padà lọ sùn. Owó ìpínlẹ̀ àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọjọ́ tiwọn, ọjọ́ ọ̀hún sì sábà máa ń ṣáájú. Àwọn owó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò ló ń rí ẹran.

Kẹ́ ẹ tó tẹ lẹ́tà kan, ẹ mú káàdì Social Security yín jáde, ẹ ka orúkọ ara yín bíi pé ẹ ò rí i rí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni orúkọ yín. Wọ́n lè sọ yín ní Olúwaṣẹ́gunfúnmi lọ́jọ́ kẹjọ, kí gbogbo ẹbí fi oyin àti obì wúre fún un. Bí akọ̀wé bá fo lẹ́tà n kan, bó bá gbé orúkọ ìdílé ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń jẹ́ lọ́dọ̀ FAFSA. Kọ̀ǹpútà wọn á fi ohun tẹ́ ẹ kọ wé ìwé Social Security, ó lè gba ọjọ́ 1 sí 3. Bí kò bá bára mu, àkáùntì á dúró gbagidi, kò ní sọ pé ẹ kú ilé. Ọ́fíìsì Social Security ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ẹ má lọ bá kọ́lẹ́ẹ̀jì jà.

Ìwé ìgbélùú ló kàn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, onígíríìn káàdì, ẹni tí wọ́n ti fún ní ààbò asylum, ẹni tí wọ́n gbà wọlé bí refugee, ìyẹn olùwá-ibi-ìsádi: gbogbo wọn lè gbà. Fíísà F-1 ti akẹ́kọ̀ọ́, fíísà àbẹ̀wò, H-1B ti òṣìṣẹ́: kò sí níbẹ̀. Pé ẹ ní nọ́ńbà Social Security kò yí ìyẹn padà. Kẹ́ ẹ lè ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ sì san owó orí ni wọ́n ṣe fún yín ní nọ́ńbà ọ̀hún, ìyẹn kò já wọn láyà rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn, tẹ́ ẹ ní B.Sc. Accounting, tẹ́ ẹ wá fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ fara balẹ̀. Pell Grant, ìyẹn owó tí ẹnikẹ́ni kì í dá padà bó bá parí sáà ẹ̀, ẹni tí kò tíì gba dígírì àkọ́kọ́ rí ni wọ́n ń fún. Ti òkè òkun náà wà nínú ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́, wọ́n ní ta ló mọ Ifẹ̀? Nígbà tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Pell, Ifẹ̀ ti di yunifásítì pàtàkì. Ẹ má tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹ ti gba dígírì o, torí ẹ̀yin náà lẹ máa kó ìwé Ifẹ̀ yẹn wá kí wọ́n lè fi ẹ̀kọ́ kan jì yín. Lóònù ìjọba àpapọ̀ ṣì ṣeé yá, bí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bá ń ṣe é, torí àwọn kan kì í ṣe é.

Ẹ wá dé ojú ìwé òbí. Àǹtí ti fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Àbúrò ìyá yín ni, òun ló ń bọ́ yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé Maryland, nọ́ọ̀sì ni, ó ń ṣiṣẹ́ òru mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó sì ti mú ìwé owó orí ẹ̀ dání. "Kọ orúkọ mi síbẹ̀ jàre. Ṣé kì í ṣe èmi ni ìyá ẹ ni?" Lédè Yorùbá, òun ni. Lédè FAFSA, àlejò ni. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà, pásítọ̀, kò sí èyí tó jẹ́ òbí nínú wọn àfi bó bá gbà yín ṣọmọ nílé ẹjọ́. Bẹ́ ẹ bá sì gbà fún un, yàtọ̀ sí pé irọ́ lẹ pa fún ìjọba, gbogbo owó iṣẹ́ òru yẹn á wọ inú ìṣirò yín, gíráǹtì á sì fò yín dá. Ẹ wólẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 24 ni ìbéèrè òbí yìí ń bá wí. Bẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó, tẹ́ ẹ ní ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń bọ́, tẹ́ ẹ ti ṣe sójà Amẹ́ríkà, tàbí tí ilé ẹjọ́ ti fi yín sábẹ́ alágbàtọ́ kẹ́ ẹ tó di àgbà, ẹ ti kúrò níbẹ̀. Pé ẹ ń dá gbé, ẹ ń dá san rẹ́ǹtì, ẹ ò sì kí Àǹtí mọ́, ìyẹn ò kúkú kàn wọ́n.

Ká ní Mọ́mì wà níbí, Dádì wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣì jẹ́ tọkọtaya. Àwọn méjèèjì ni òbí. Bí wọn ò bá jọ kọ ìwé owó orí kan ṣoṣo fún ìjọba Amẹ́ríkà, Dádì náà gbọ́dọ̀ ṣí àkáùntì tirẹ̀, ó ṣeé ṣe láìní nọ́ńbà Social Security, kó wọlé, kó sì tẹ ibi tó ti gbà kí ilé iṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà tú ìwé òun wò. Kódà bí kò bá san kọ́bọ̀ owó orí níbí rí. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí Pell, kò sí lóònù. Dádì ńkọ́? Dádì tó ń fi ìkìlọ̀ nípa ọmọ Yáhùú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí láràárọ̀. Lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà pé kó wá tẹ nǹkan. Ó ti pa á rẹ́. Ẹ pè é kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì rántí pé Ìbàdàn fi wákàtí 5 tàbí 6 ṣáájú Maryland. Ẹni tẹ́ ẹ bá jí ní aago 2 òru kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wo owó òun. Náírà tó ń wọlé fún un, ẹ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là. Ilé tó ń gbé, wọn ò kà á. Ilẹ̀ tó rà sí Mowe, dúkìá ni: iye tó lè tà á lónìí, kẹ́ ẹ yọ gbèsè tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe gbèsè.

Bí wọ́n bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, ẹni tó náwó jù lórí yín láàárín oṣù 12 tó kọjá ni òbí tí fọ́ọ̀mù ń wá. Ẹni tó ń pariwo jù kọ́.

Owó ilé ìwé fúnra ẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Ní California, 46 dọ́là ni kírédíìtì kan, ìyẹn yúníìtì kọ́ọ̀sì kan, fún onílùú, 15 kírédíìtì jẹ́ 690 dọ́là fún sáà kan. Onílùú ni ẹni tó ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún kan àti ọjọ́ kan. Ẹni tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀, owó tirẹ̀ á lé ní ìlọ́po mélòó kan. Ní Maryland, ipò mẹ́ta ni: ará káúntì, ará káúntì mìíràn, ará ìpínlẹ̀ mìíràn. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Prince George's, tẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Montgomery torí pé ọ̀rẹ́ yín wà níbẹ̀, ẹ ti sọ ara yín di àlejò lọ́wọ́ ara yín.

Iye tó ga jù tí Pell ń fúnni ní ọdún ìwé 2025–26 ni 7,395 dọ́là. Kírédíìtì 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan lẹ máa kà kẹ́ ẹ tó rí gbogbo ohun tó tọ́ sí yín. Bó bá jẹ́ 9, ẹ óò gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, 6, ìdajì. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó já kíláàsì kan dànù torí pé tíṣà ò gbọ́ ohùn yín, ẹ ṣírò ẹ̀ ná. Àtìgbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, sáà 12 tó kún ni Pell ní fún yín láyé yín. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì fẹ́ kẹ́ ẹ yege nínú ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kírédíìtì tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á dá owó dúró.

Bí Pell bá ju owó ilé ìwé lọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ fi ìyókù lé yín lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14. Ìwé, oúnjẹ àti ọkọ̀ lowó yẹn wà fún. Lọ́jọ́ tó bá wọ báńkì gan-an lẹ óò rí ìfiránṣẹ́ lórí WhatsApp: ọdún 60 Bùọ̀dá, léèsì àti gèlè, 250 dọ́là, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè san. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fi ilé ìwé sílẹ̀ kí sáà tó lo ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, lára owó yẹn á padà síbi tó ti wá. Sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù Kẹjọ kì í dé ibẹ̀ títí oṣù Kẹwàá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ bẹ àwọn ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí kí wọ́n sún ọjọ́ ìbí Bùọ̀dá sí oṣù Kọkànlá.