Fílítà UV tí ẹ so mọ́ lẹ́ńsì bí oǹdè

Kéèyàn tó san owó lẹ́ńsì kámẹ́rà tán ni ẹni tó ń tà á ti máa nawọ́ fílítà UV, gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, sí i: "Ọ̀gá, ẹ fi èyí kún un o, nítorí ọjọ́ tó bá já bọ́." Èmi náà rà á. Ọdún mẹ́ta ló fi wà lẹ́nu lẹ́ńsì mi bí oǹdè lọ́rùn ọmọ.

Ayé fíìmù ni fílítà UV ti wá. Fíìmù máa ń gba UV, ìtànṣán oòrùn tí ojú wa ò rí, pàápàá lórí òkè gíga, àwòrán á wá yọ bíi pé kùrukùru bò ó. Kámẹ́rà òde òní ti ní gíláàsì tó ń dí ìtànṣán yẹn níwájú sensor, ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ fílítà nìyẹn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ lẹ́ńsì.

Mo lọ ya ọjọ́ ìbí màmá kan tó pé 60. Wọ́n paná gbọ̀ngàn, màmá bẹ̀rẹ̀ láti fẹ́ àbẹ́là. Ilé ni mo ti wá rí i pé àbẹ́là ti bí ìbejì: iná kéékèèké aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n to ara wọn sórí gèlè màmá. Ìmọ́lẹ̀ ló ta padà láti inú kámẹ́rà, tó kọ lu ẹ̀yìn fílítà, tí fílítà tún dá a padà sínú. Gíláàsì tí wọn ò fi ohun tó ń dín ìtapadà ìmọ́lẹ̀ kù kùn ń dá bíi 4% ìmọ́lẹ̀ padà lójú kọ̀ọ̀kan, ojú méjì sì ni fílítà ní. Èyí tí wọ́n kùn dáadáa kì í dá tó 1% padà, àmọ́ owó ẹ̀ ń ta èèyàn lára.

Tó bá wá já bọ́ ńkọ́? Gíláàsì fílítà fẹ́lẹ́. Ti iwájú lẹ́ńsì nípọn. Ohun tó fọ́ fílítà lè má ṣe lẹ́ńsì ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó ń fi fílítà tó fọ́ han gbogbo ayé pé òun ló kú ikú lẹ́ńsì, kò tíì fi ẹ̀rí hàn wá. Àfọ́kù náà gan-an lè ha ojú lẹ́ńsì. Hood, ike tó yọ síta lẹ́nu lẹ́ńsì yẹn, ló ń gba ìkọlù, kì í sì í ba àwòrán jẹ́.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju tiyín nù o. Canon tó ń ṣe kámẹ́rà fúnra wọn sọ pé kí ẹni tó bá ń lo lẹ́ńsì wọn, EF 16-35mm f/2.8L II, fi fílítà sí i kí omi àti eruku má bàa wọlé. Tèmi wà nínú báàgì. Mo máa ń dè é tí mo bá ń lọ sétí òkun ní Badagry, torí iyọ̀ àti iyanrìn. Tí mo bá ti dé gbọ̀ngàn, mo ti tú u.