Ọrùn ọwọ́ ni àbí àyà? Àríyànjiyàn àwa tí à ń bu bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù bí gàrí

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Oṣù mẹ́jọ nìyí tí mo ti ń kọ́ gọ́ọ̀fù. Bí bọ́ọ̀lù bá jìn sí ihò, mò ń gbá a dáadáa. Kó wá ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré sí etí gíríìnì, ìyẹn ibi tí wọ́n gé koríko mọ́lẹ̀ yí ihò ká, tí mo bá mú wedge, irin tí ojú ẹ̀ là sókè, láti fi ṣe chip, ìgbá kékeré tó ń gbé bọ́ọ̀lù sórí gíríìnì, wàhálà dé nìyẹn. Bí irin ò bá bẹ ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, á bà á níkùn, bọ́ọ̀lù á sì fò kọjá gíríìnì lọ sínú koríko lódìkejì. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní ọrùn ọwọ́ òsì mi ló ń kọ sẹ́yìn nígbà tí irin bá kan bọ́ọ̀lù, ó ní kí n jẹ́ kó le gbagidi bí igi. Mo ti jẹ́ kó le o, kò yàtọ̀. Ṣé ọrùn ọwọ́ ni lóòótọ́? Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mí.

Kádì Àtijọ́: Ọ̀gá ẹ ò purọ́. Ò ń bu bọ́ọ̀lù bí ẹni ń bu gàrí nínú àpò. Wedge dígírì 56, ojú ẹ̀ ti là sókè láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, kò nílò kó o tún bá a gbé bọ́ọ̀lù. Jẹ́ kí ọwọ́ ṣáájú irin débẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ni kó máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, tó bá ti ń wo ojú ọ̀run, o ti bù ú nìyẹn. Ọwọ́ òsì tí wọ́n ní ká má fi kí àgbà, òun lọ̀gá níbí.

Àdùkẹ́ Òdogbolú: Ẹ̀gbọ́n Kádì, ẹ forí jì mí, "kó le bí igi" yẹn ló fi ọdún kan gbáko ṣòfò fún mi. Mo ti ọwọ́ síwájú títí ọ̀pá irin fi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, ńṣe ni etí irin ń wọlé bí ọkọ́ tó ń kọ ebè. Bọ́ọ̀lù ò kúrò lójú kan, ẹrẹ̀ ló fò.

Kí ni wọ́n ṣe fi ìdí irin yẹn sanra? Ohun tí wọ́n ń pè ní bounce ni, kó lè yọ̀ lórí ilẹ̀ dípò kó rì. Gene Sarazen, gbajúgbajà agbá-gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, ló jó òjé mọ́ ìdí irin tiẹ̀, tó sì fi gba ife-ẹ̀yẹ Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1932. Ẹni tó bá ti ọwọ́ síwájú jù ti sọ iṣẹ́ ọkùnrin yẹn dòfo.

Kádì Àtijọ́: Àbúrò, ilẹ̀ ta lò ń sọ? Tìrẹ rọ̀, tiwa yangí ni. Wá síbí nígbà ọyẹ́ kó o wá fi ìdí irin tó sanra gbá bọ́ọ̀lù. Á ta sókè lórí ilẹ̀ gbígbẹ, á sì bá bọ́ọ̀lù ní agbedeméjì. Ohun tọ́mọ yìí ń rojọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Lórí ilẹ̀ líle, ó yẹ kí ọ̀pá irin dà síwájú díẹ̀.

Àdùkẹ́ Òdogbolú: Díẹ̀! Mo gbà. "Díẹ̀" yẹn lẹ ò sọ lẹ́ẹ̀kan.

Olùtọ́jú Eegun, Ṣàgámù: Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí mò ń fi ọwọ́ mi di ọrùn ọwọ́ olówó-olówó lójoojúmọ́. Àkókò tí irin fi ń kan bọ́ọ̀lù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ọrùn ọwọ́ láàárín ìyẹn. Kí irin tó débẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, àyà rẹ̀ dúró, kò yí mọ́, apá náà dúró, àmọ́ irin ti gba eré, kò lè dúró. Ló bá ya ọwọ́ sílẹ̀, ó kọjá síwájú, ọrùn ọwọ́ òsì sì kọ sẹ́yìn. Ọrùn ọwọ́ lẹ rí, àyà ló jẹ̀bi. Kó gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì látìbẹ̀rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí àyà dúró títí irin á fi kọjá. Kó di irin mú níwọ̀ntúnwọ̀nsì, bí ẹni di òròmọdìyẹ.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ìwé ńlá. Nígbà tá a wà nílé-ìwé, àdá la fi ń gé koríko pápá. Ta ló kọ́ wa ní ọrùn ọwọ́? Apá àti èjìká ló ń lọ, tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń fi ọrùn ọwọ́ ju àdá, òkúta ló máa gé, ọwọ́ á sì bó. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, lọ gé koríko.

Àdùkẹ́ Òdogbolú: Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àdá ń lo ọrùn ọwọ́ dáadáa, ìgbà tó bá fẹ́ dé ìdí koríko lẹ máa ń jù ú. Ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ yẹn ní àrùn tó ń ṣe é.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó: Ìwọ ò gé koríko rí. Máṣíìnì lẹ bá nílé ìwé tiyín.

Kádì Àtijọ́: 😂 Bàbá ti parí ẹ. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wá ọ̀pá ọparun tó tẹ́ẹ́rẹ́, kó gùn tó àyà ẹ. Fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dè é mọ́ ibi tó o ti ń di irin mú, kó yọ gba ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ sókè. Rọra ṣe chip. Tí ọwọ́ ẹ bá bu bọ́ọ̀lù, ọ̀pá yẹn á sọ fún ẹ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Mo ṣe é láàárọ̀ yìí kí oòrùn tó mú. Ọ̀pá náà gbá mi níhà nígbà mẹ́ta léraléra, ìyá mi yọjú wá wo ohun tó ń ṣe mí. Mo tún mú kí ọwọ́ le, ó tún gbá mi! Ìgbà tí mo wá gbọ́ràn sí Olùtọ́jú lẹ́nu, tí mo gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, tí mi ò jẹ́ kí àyà dúró, ni ọ̀pá ò kàn mí mọ́. Nínú bọ́ọ̀lù ogún, bíi méjìlá dún "tọ́" kí irin tó kan ilẹ̀. Ṣé mo lè de ọ̀pá yìí lọ sídìíje Sátidé?

Kádì Àtijọ́: Rárá o! Òfin gọ́ọ̀fù 4.3 kò gba irú ẹ̀ láàárín ìdíje. Wọ́n á fìyà jẹ ẹ́, wọ́n sì lè lé ẹ dànù. Tú u sílẹ̀ nílé.

Àdùkẹ́ Òdogbolú: Bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tó kù ńkọ́? Ilẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ ni àbí wọ́n fò kọjá?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Wọ́n bẹ ilẹ̀, àǹtí. Gbogbo wọn.

Àdùkẹ́ Òdogbolú: Ọwọ́ ti ṣáájú jù nìyẹn. Dá ọ̀pá irin padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kádì, mi ò sọ nǹkan kan o.