Káńsù abúlé Rọ́ṣíà: kí wọ́n má tú u ká

Àbá láti tú káńsù abúlé ká ní Rọ́ṣíà ti di òfin. Ààrẹ Vladimir Putin buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 2025, lẹ́yìn tí àbá náà, tí aṣòfin méjì, Klishas àti Krasheninnikov, gbé wá, ti wà nílẹ̀ láti ìparí ọdún 2021: kí agbára káńsù abúlé di ti káńsù àgbègbè, tó kó abúlé púpọ̀ pọ̀. A ti ń wí i tipẹ́ lójú ewé yìí: ọ̀tọ̀ ni kíkó agbára jọ sókè, ọ̀tọ̀ ni títún ìlú ṣe.

Òfin ọdún 2003 tí wọ́n ń rọ́pò mọ ohun tó ń ṣe ará oko. Ó ní bí a bá ń pa ààlà abúlé, kí a rí i pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì káńsù rẹ̀ kó sì padà sílé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ti àgbègbè, ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí páìpù omi rẹ̀ bá bẹ́ nígbà tí yìnyín dí ọ̀nà yóò wá wá mọ́tò lọ bá ọ̀gá tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀gá ọ̀hún ńkọ́, ta ló ń bẹ̀rù? Ìpínlẹ̀ lè ní kí aráàlú dìbò yàn án, kí káńsù mú un láàárín ara wọn, tàbí kí wọ́n ṣà á nínú orúkọ tí gómìnà kó wá. Gómìnà sì lè yọ ọ́. Ààrẹ lè yọ gómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lórí àga, òkè ni yóò máa wò, kì í ṣe páìpù.

Àwọn tó fẹ́ òfin yìí ní abúlé ò lówó, kò ní òṣìṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́! Nínú rúbù (owó Rọ́ṣíà) 100 owó orí òṣìṣẹ́, 2 péré ni òfin ìṣúná pín fún káńsù oko. 13 ń lọ sí àgbègbè, 85 sí ìpínlẹ̀. Ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tán, ẹ wá ń bú u pé ó rù.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí. Zemstvo, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì, dá sílẹ̀ ní 1864, ló gbé ilé ìwé àti dókítà dé oko. Ní 1890, Alexander Kẹta ọmọ rẹ̀ fún gómìnà láṣẹ láti dá ìpinnu ìgbìmọ̀ dúró tó bá ti rò pé kò bá ire ìjọba mu, bí kò tiẹ̀ rú òfin kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pe tòní ní ọ̀làjú, ọ̀làjú 1890 ni.

Tatarstan, ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ Rọ́ṣíà, ta ko òfin tuntun yìí, ìdí nìyẹn tí àyè fi wà fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti pa káńsù abúlé mọ́. Kí àwọn ìpínlẹ̀ tí kò tíì tú tiwọn ká lo àyè yẹn, kí wọ́n sì fi kún rúbù 2 náà.