Ọmọ Tó Ní Ìyá Òun Ò Ní Sùn

“Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun.” Ìhàlẹ̀ la sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. Ọ̀gá a pa á fún ọmọ iṣẹ́ tó ń kó wàhálà bá a, onílé a pa á fún ayálégbé, olóṣèlú a pa á fún alátakò. Ó ti pẹ́ tí òwe náà ti ń rìn kiri ìgboro, tó fi jẹ́ pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé yàrá ìyá ọlọ́mọ tó ti jáde wá. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dá a padà sí, nítorí àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti pé oṣù mẹ́jọ, oṣù mẹ́wàá, tí ti ẹlòmíràn tiẹ̀ ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọmú òru ò tíì tán nílẹ̀ wọn.

Ẹ fetí sí ohun tí òwe náà wí. Kò ní kí ìyá máa jìyà kí ọmọ máa gbádùn. Ó ní àwọn méjèèjì ni ò ní rí oorun sùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá sùn, kó lọ wádìí ohun tó ń jí ọmọ; ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọmọ sùn, kó rí i pé ìyá rẹ̀ ń sinmi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí àwọn àgbà gbà mí láyè kí n sọ tèmi. Ọmọ ọwọ́ kì í pète. Kò sí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tó ń dìtẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ láago méjì òru. Mo ní láti sọ ọ́, nítorí mo ti gbọ́ tí wọ́n pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní emèrè, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é, pé kí wọ́n gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ yẹn pe ọmọ yín. Orúkọ burúkú kì í tètè kúrò lára ọmọ, ọmọ náà ò sì ṣe nǹkan kan.

Gbogbo wa pátá la máa ń jí lóru. Oorun àgbàlagbà a máa wúwo, a sì máa fúyẹ́, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 síra wọn; ti ọmọ ọwọ́ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìṣẹ́jú 50 sí 60 ni. Bí oorun àgbà bá fúyẹ́, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á fa aṣọ bora, á tún lọ, kò sì ní rántí tí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé ọmú wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó sùn, tó wá lajú tí kò bá ọmú náà níbẹ̀ mọ́, ohun tó gbé e sùn lákọ̀ọ́kọ́ ni yóò máa wá. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà padà sójú oorun. Àwa la ó kọ́ ọ.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìyá mọ èyí tó jẹ́ ebi yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ wíwá oorun. Ẹ wò ó dáadáa lálẹ́ òní. Ọmọ tó ń wá oorun, ojú rẹ̀ ò ní là tán. Á máa fi imú àti ẹnu wá àyà kiri, á fa ọmú ní ìwọ̀nba, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó dì tẹ́lẹ̀ á tú, ó ti sùn nìyẹn, ọmú ṣì kún bó ṣe wà. Ọmọ tí ebi ń pa yàtọ̀. Ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, gbì, gbì, kò sì ní sinmi títí ọmú náà á fi rọ̀. Bí ẹkún méjì ṣe yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn ò ní jọra.

Ká mú ti ebi. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ò tó o mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé ní ká máa fún un lọ́mú lọ títí dé ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó máa jẹun pẹ̀lú rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ láti oṣù 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin láti oṣù 9 lọ. Ọmọ tó ń mu ọmú nílò nǹkan bí kálórì 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ mìíràn ní oṣù 6 sí 8. Tó bá di oṣù 9 sí 11, ó di 300. Tó bá pé ọdún kan, ó di nǹkan bí 550. Ẹ wá wo ohun tí a ń fún púpọ̀ nínú wọn: ògì tó ṣàn bí omi, tí a fi ṣúgà díẹ̀ sí. Ikùn ọmọ kékeré ni. Omi á ti kún un kí oúnjẹ tó dé ibẹ̀. Kó tó di àárín òru, ohun tó jẹ ti tán.

Ìdánwò rẹ̀ ò le. Ẹ bu ògì náà sórí ṣíbí, kí ẹ dẹ ṣíbí náà sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá ṣàn dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti ṣàn jù. Tó bá dúró, tó rọra ń yọ̀ bọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyẹn ni oúnjẹ. Ẹ fi ẹ̀pà tí a yan tí a lọ̀ kúnná sí i, tàbí sóyà, tàbí edé gbígbẹ tó ti di lẹ́búlẹ́bú. Ẹyin sísè, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ẹ̀wà tí a jọ, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀, ànàmọ́ tí a fi epo pupa díẹ̀ gún, kò sí èyí tó kọjá agbára ọjà wa nínú wọn. Ẹran àti ẹja ṣe pàtàkì fún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ nílò èròjà áyọ́ọ̀nù tí ọmú nìkan ò lè pèsè tó mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oyin nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan.

Mi ò sọ pé kí ẹ rọ ọmọ o. Mo mọ̀ pé ìyá ìyá wa rọ̀ wá, wọ́n fi wá sí itan, wọ́n di imú wa, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ da ògì sí wa lẹ́nu. Oúnjẹ tó yẹ kó gba ọ̀nà ikùn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ tí wọ́n bá sì ń rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oúnjẹ. Tó bá ti pa ẹnu dé, ó tó nìyẹn. Ẹ tún fún un nígbà tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó gbọ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di oṣù 6 fún òṣìṣẹ́ tiwọn lọ́dún 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìyá tó ń tajà ní ti ẹ̀ ò ní ìsinmi kankan ju èyí tó bá fún ara rẹ̀ lọ. Kí àkùkọ tó kọ, ìyá ti kúrò n'Ìkòròdù, ó ń lọ sí Erékùṣù. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni yóò wọlé, lẹ́yìn gosíló. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá ni tọ́jú ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ mu, ó ń dúró de ìyá rẹ̀. Ìyá dé, ọjọ́ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo ọmú tí kò rí mu lọ́sàn-án, ó fẹ́ mu ún láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí márùn-ún òwúrọ̀, kì í sì í ṣe nítorí ebi nìkan; òórùn ara ìyá rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ló ń wá. Irú ọmọ yìí, ẹ má kọ́kọ́ gba ọmú òru lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, kí ìkòkò tó gun iná, ẹ jókòó, ẹ fún un lọ́mú, kí ẹ bá a ṣeré díẹ̀. Ẹ fún un ní òmíràn kó tó sùn. Lópin ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wà nílé, ẹ máa fún un lemọ́lemọ́ lọ́sàn-án. Púpọ̀ nínú wọn á fúnra wọn dín tòru kù.

Ìyá tí ọmú òru ò bá yọ lẹ́nu, kò sí òfin tó ní kó dá a dúró. Ọmọ ọdún kan tó ń jí lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe aláìsàn, ẹ má sì fi ti ọmọ aládùúgbò díwọ̀n tiyín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ yín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí nínú ọkọ̀, ẹ ò ṣẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kó dópin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìyá mìíràn á fi ewúro pa orí ọmú lálẹ́ ọjọ́ kan, á ní ó parí. Ọmọ á sunkún títí, ọmú ìyá á wú, á le gbagidi, ibà á tẹ̀lé e. Ẹ̀sọ̀ ló dára jù. Ẹ mú ẹyọ kan nínú ìjí òru, èyí tó súnmọ́ ìgbà tó sùn jù ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń mu, ẹ jẹ́ kó di mẹ́jọ. Lẹ́yìn òru méjì, kó di mẹ́fà. Kó máa relẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọmú lẹ́nu rẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ tán, kí ẹ máa rọra lù ú lẹ́yìn. Ti fídà náà ò yàtọ̀: ẹ fi mílílítà 20 sí 30 dín in kù ní òru méjì-méjì. Kí ọmọ má sì fi fídà sẹ́nu sùn rárá, nítorí mílíìkì tó bá sùn lẹ́nu rẹ̀ á jẹ eyín tuntun náà run.

Àwọn ẹbí wa ní London máa ń sọ fún mi pé wọ́n ní kí àwọn fi ọmọ sínú yàrá tirẹ̀, kí àwọn jẹ́ kó sunkún díẹ̀ kí àwọn tó wọlé tọ̀ ọ́, kí àwọn sì máa jẹ́ kí àkókò náà gùn sí i. Ìyá wọn nílé gbọ́, ó fárígá. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ká sọ òtítọ́, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Melbourne, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012, tọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, wọn ò sì rí ìpalára kankan lára wọn. Nítorí náà, mi ò ní pe ẹni tó bá ṣe é ní ìkà. Èmi ṣì fara mọ́ kéèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, pàápàá nínú ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, tí ẹkún kan á jí gbogbo wọn. Títatí wéré ò sì túmọ̀ sí ọmú nìkan. Ohùn ìyá wà, ẹ̀yìn bàbá wà.

Ẹ̀yìn bàbá ni mo wí. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọmọ tó bá gbọ́ òórùn ọmú á bèèrè ọmú. Ọkọ tí kò ní ọmú ló yẹ kó dìde ní ìjí tí ẹ bá fẹ́ dá dúró. Kó gbé ọmọ sẹ́yìn, kó fi ọ̀já dì í, kó rìn wá rìn lọ nínú òkùnkùn láìtan iná. Kò sí ohun tó bù kù nínú kí ọkùnrin pọnmọ. Ìyá ọkọ tó bá wá ṣe ọmọ lọ́jọ̀jọ̀ náà, tó bá gba ọmọ láago márùn-ún òwúrọ̀ kí ìyàwó lè sùn wákàtí méjì, ó ti ṣe ju ẹni tó se ọbẹ̀ oríṣi mẹ́ta lọ. Ìyá tí oorun bá kùn tó bẹ́ẹ̀, kó má jókòó fún ọmọ lọ́mú lórí kúṣìn. Ibẹ̀ ló léwu jù tí oorun bá gbé e lọ. Kó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, kó kó ìrọ̀rí àti aṣọ ńlá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Bó bá sì jẹ́ pé inú rẹ̀ kàn ń bàjẹ́ ni, tí ọmọ sùn tí òun ò rí oorun sùn, kó sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí jù lọ ni ti oògùn. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn ikọ́ tàbí oògùn ìyúnra kó lè sùn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fún un ní àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín, tí wọ́n pè ní My Pikin, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín wọn jẹ́. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kàn fẹ́ kí ọmọ wọn rí ìtura ni. Bí ara ọmọ bá gbóná, tó ń fa etí, tó ń ké sí i tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, tó ń hanrun bí àgbà, tàbí tí kádì ìwọ̀n rẹ̀ fi hàn pé kò sanra sí i, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Kì í ṣe ọmú òru lẹ ó máa dá dúró nígbà yẹn.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọmú òru kù lọ́sẹ̀ tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án, èyí tó ń dènà èéyi àti ibà pọ́njú, tàbí ìgbà tí eyín ń yọ, tàbí ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun. Bí ọkọ bá rìnrìn àjò, ẹ dúró dè é kó dé.