Kì í ṣe àwọn obìnrin ló ń ba ìjàkadì obìnrin jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó gbọ́ nílé ìwòran láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, bí wọ́n bá ti gbé ìjàkadì sí tẹlifíṣọ̀n tó wá kan àwọn obìnrin: "Ẹ yí i jàre, tàwọn ọkùnrin ló dùn." Àwọn kan á dìde lọ ra súyà, wọ́n á ní kí wọ́n pe àwọn tó bá tún kan ọkùnrin. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé obìnrin ò lágbára, wọn ò mọ̀ ọ́n jà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tó máa dùn. Ìgbàgbọ́ yìí ò tọ̀nà rárá, ó sì ń dun àwa tí a fẹ́ràn ìjà yìí, torí ohun tó ń bà á jẹ́ hàn gbangba, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ká sọ ojú abẹ níkòó. Ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n yìí, wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí aago tó dún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni agbára apá ṣe máa jẹ́ ohun tó ń pinnu bóyá ìjà dùn tàbí kò dùn? Àkókò tí wọ́n fún un ló ń pinnu, àti ìdí tí àwọn méjèèjì fi dojú ìjà kọ ara wọn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2015, WWE, ilé iṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, gbé àwọn ìbejì Bella pàdé Paige àti Emma lórí ètò Raw. Wákàtí 3 ni ètò náà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ìjà àwọn obìnrin náà gbà, ó ti parí. Àwọn òǹwòran fárígá, wọ́n gba orí Twitter lọ pẹ̀lú #GiveDivasAChance, ìyẹn ni pé kí wọ́n fún àwọn obìnrin, tí WWE ń pè ní Diva nígbà yẹn, láǹfààní. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Bayley àti Sasha Banks ja ìṣẹ́jú 30 gbáko ní NXT TakeOver: Respect, ètò WWE míì. Ẹni tó bá borí ẹnì kejì lọ́pọ̀ ìgbà jù kí aago tó dún ló ni bẹ́líìtì. Bayley borí pẹ̀lú 3 sí 2, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan lórí aago kó tó rí ìkẹta gbà. Ìjà yẹn ni wọ́n fi kádìí ètò ọjọ́ náà. Ilé iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ò ju aago lọ.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Ìjẹ̀bú. Bí ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan bá ra aṣọ, tí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n dé Ojúde Ọba, tí wọ́n wá ní kí wọ́n sáré kọjá láìsí ìlù, ṣé a máa torí ẹ̀ sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n jó?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìṣẹ́jú ń ṣe nínú ìjà. Ìjà tó bá máa wọ èèyàn lára nílò tó ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ní bí ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́, wọ́n á di ara wọn mú, òǹwòran á rí ẹni tó lágbára jù àti ẹni tó yára jù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dájú inú wọn á wá ibì kan lára ẹnì kejì, ká sọ pé orúnkún ọ̀tún, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa yí i, á máa gbé e lu òpó igun. Ibi tí èrò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ẹni tó ń jìyà nìyẹn. Ìjìyà yẹn máa ń gba ìṣẹ́jú 4 sí 5, kò sì gbọ́dọ̀ yára. Ẹni tó ń jìyà á wá gbéra, ó ṣì ń tiro, á fi ẹnì kejì mọ́lẹ̀, rẹfirí á ka ení, èjì, kó tó ka ẹ̀ta tó máa parí ìjà, onítọ̀hún á gbé èjìká sókè. Ó lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó parí.

Ní báyìí, ẹ gé ìṣẹ́jú 12 yẹn sí 4. Kí ni wọ́n máa yọ? Ìjìyà àárín ni wọ́n máa ń yọ, torí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ò ṣeé yọ. Òǹwòran á wá máa rí ẹni tó ń dìde láti ibi tí kò ṣubú sí. Kò ní dun ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọkùnrin ló ń jà.

Bí wọ́n ṣe ń gé e náà wà níbẹ̀. Ètò tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọkùnrin bá gùn kọjá bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀, wọ́n ní láti rí ìṣẹ́jú náà yọ níbì kan, ìjà àwọn obìnrin ló sì máa ń fara gbá a. Rẹfirí ní ohun ìgbọ́rọ̀ létí, wọ́n á ti ẹ̀yìn bá a sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n parí ẹ̀ kíá, òun náà á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún àwọn tó ń jà. Àwọn méjèèjì á wá máa fo ohun tí wọ́n ti jọ ṣètò. Ọ̀kan á rò pé ibí ni àwọn wà, èkejì á ti wà níwájú, wọ́n á ṣi ara wọn mú. Òǹwòran á ní, "Ẹ ò rí i, wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ká má purọ́ ṣá, àwọn ìjà kan nígbà kan burú lóòótọ́. Ní 2004, WWE ṣe ìdíje Diva Search, wọ́n ń fi ẹwà ṣa obìnrin, wọ́n wá ń gbé àwọn míì síwájú èrò kí iṣẹ́ náà tó wọ̀ wọ́n lára. Iṣẹ́ tí ọkùnrin ń fi ọdún mélòó kan kọ́ ní gbọ̀ngàn kéékèèké, tí ẹnikẹ́ni ò wò ó, àwọn obìnrin yẹn ń kọ́ ọ lójú gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé obìnrin ò lè jà lónìí, ohun tí wọ́n rí nígbà yẹn ló ṣì wà lọ́kàn wọn.

Ẹ yíjú sí Jàpáàn. Ilé iṣẹ́ All Japan Women's bẹ̀rẹ̀ ní 1968, obìnrin nìkan ló ń jà níbẹ̀. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, Chigusa Nagayo àti Lioness Asuka, tí wọ́n ń pè ní Crush Gals, gbòde kan. Àwọn ọmọbìnrin iléèwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pariwo orúkọ wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1994, wọ́n ṣe ètò ìjàkadì obìnrin ní Tokyo Dome, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 10, iye èrò tí wọ́n sì kéde jẹ́ 42,500. Ẹni tó bá ní kò sẹ́ni tó fẹ́ wo obìnrin, kó ṣàlàyé 42,500 yẹn fún wa. Ní New York, òfin ò gbà kí obìnrin jà rárá títí di 1972. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò lè máa bi í pé kí ló dé tí kò tètè dé.

Àwọn míì á ní ara obìnrin ò lè gbà á. Ẹ wo ìṣubú ẹ̀yìn, tó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ń kọ́. Èèyàn á lóṣòó, á ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà bí ẹni ń wo ìdodo ara ẹ̀. Á wá ṣubú sẹ́yìn. Apá òkè ẹ̀yìn, níbi egungun èjìká, ló gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà tí ọwọ́ méjèèjì, láti ìgúnpá títí dé àtẹ́lẹwọ́, bá gbá ilẹ̀ pàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí wọ́n má ṣe jìnnà sí ìhà jù. Ẹnu á la, èémí á jáde. Bí àgbọ̀n bá gbéra, orí á na ilẹ̀, ọpọlọ á mì. Bí ìgúnpá bá ṣáájú, èjìká lè yẹ̀. Bí èèyàn bá na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi gba ara ẹ̀ dúró, ọrùn ọwọ́ ló máa kán. Bí ó bá sé èémí, èémí á há mọ́ ọn láyà fún ìgbà díẹ̀. Kò sí èyí tó béèrè irùngbọ̀n nínú gbogbo ẹ̀. Ó béèrè ìdánrawò.

Irun tí wọ́n ń fà náà ní ọgbọ́n. Ẹni tó ń fà á máa di irun mú nítòsí awọ orí, kì í ṣe ní ṣóńṣó ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fà á fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ ẹni yẹn mú ṣinṣin, á sì máa rọ̀ mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ló ru ara ẹ̀, kì í ṣe irun. Ẹni tó bá dirun pẹ̀lú àtamọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àtamọ́ ò dúró níbi tí irun tó hù lórí máa dúró.

Síbẹ̀, kì í ṣe eré tí ẹnikẹ́ni ò lè farapa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ẹ̀ṣẹ́ Nia Jax kan Becky Lynch lójú, imú ẹ̀ kán, ọpọlọ ẹ̀ sì mì, wọ́n ní láti yọ ọ́ nínú ìjà tó yẹ kó bá Ronda Rousey jà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn rí i tó dúró tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ láàrin èrò, ọkàn wọn sì fà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2019, òun, Rousey àti Charlotte Flair ni wọ́n fi kádìí WrestleMania 35, ètò WWE tó tóbi jù lọ́dún, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjà obìnrin ń kádìí ètò náà. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ìtàn wà nídìí ẹ̀. Àwọn èèyàn mọ ohun tí Becky ń wá.

Ohun tó ṣì yẹ kí wọ́n tún ṣe ò kéré. Bẹ́líìtì tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í níyì: láàrin oṣù Keje sí oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni bẹ́líìtì obìnrin Raw bọ́ láti ọwọ́ Charlotte sí ti Sasha Banks, láti ọwọ́ Sasha sí ti Charlotte. Àwọn méjèèjì jà dáadáa, àmọ́ nígbà tó yá, ẹni tó bá pàdánù mọ̀ pé òun á tún gbà á láìpẹ́, òǹwòran náà mọ̀. Ìyẹn tún ń jẹ́ kí gbogbo obìnrin yòókù dúró bí ẹni tí kò níṣẹ́. Bẹ́líìtì ẹlẹ́ni méjì dé ní 2019, Chelsea Green gba ti Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá 2024, Lyra Valkyria gba Intercontinental àkọ́kọ́ ní oṣù Kìíní 2025. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdí ìjà ò bá sí, irin lásán ni wọ́n ń gbé kọ́rùn.

Nílé níbí wá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìjà obìnrin kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, àwọn ọmọbìnrin tó ń ja ìjàkadì ti ìdíje ni kó kọ́kọ́ wá. Wọ́n wà. Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá àpapọ̀ Nàìjíríà ní 2025. Blessing Oborududu gba fàdákà ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní ìwọ̀n kílò 68, Odunayo Adekuoroye gba wúrà Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022. Ẹ mọ ìṣòro kan tẹ́lẹ̀ ṣá: ohun tí irú wọn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni pé ẹ̀yìn wọn ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Tiyín yìí, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ara wọn á máa kọ̀ ọ́, wọ́n á máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni èjìká ti ń yẹ̀. Láti ìlóṣòó ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìdúró, kí ẹnikẹ́ni má gbé wọn sókè kí ìyẹn tó dán mọ́rán. Ìṣubú 10 sí 15 lóòjọ́ tó fún ẹni tuntun, torí ẹni tó ti rẹ̀ máa ń gbàgbé àgbọ̀n. Ẹ má kọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé o, ó máa ń ta èèyàn padà sókè, ọrùn á sì ká.

Wẹ́dà àti káfíńtà ìlú lè kan ríìngì. Ẹsẹ̀ bàtà 18 sí 20 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, férémù irin nísàlẹ̀, pákó lórí ẹ̀, fóòmù pẹlẹbẹ, kánfáàsì tí wọ́n fà le lókè. Fóòmù tó bá nípọn jù, ẹsẹ̀ á máa rì, kókósẹ̀ á fọ́. Kánfáàsì tó bá dẹ̀ á ká, á gbé èèyàn ṣubú. Kí ẹni méjì gun un ní ọjọ́ ìjà, kí wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí pákó kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi kárí, kí wọ́n sì fi gbogbo ara wọn rọ̀ mọ́ okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èékánná ní láti kúrú, yẹtí ní láti kúrò létí.

Ẹ má fi ìjà wọn tẹ̀lé èyí tó gbóná jù nínú tàwọn ọkùnrin, torí ohùn èrò á ti há, wọ́n á sì jókòó láti sinmi, ẹnikẹ́ni tó bá jáde síbẹ̀ máa jìyà ẹ̀. Ẹ fi sí ẹ̀yìn ìsinmi, tàbí kí ẹ fi kádìí ètò. Kí olóòtú ti sọ fún èrò ṣáájú pé kí ló fà á tí àwọn méjì yìí fi ń jà. Ẹ kọ ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún wọn, kí rẹfirí mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rọ̀ alága àti àwọn olóyè bá gùn jù, inú ọ̀rọ̀ alága ni kí ẹ ti yọ ìṣẹ́jú.