Ooru ṣì wà níbẹ̀ o
Ìròyìn kan sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tuntun láti yọ àdín pẹ̀lú DMCHA, kẹ́míkà olómi kan tó ń fa òróró jáde. Ibi tí ó ti ní ọ̀nà náà "kò gba ooru rárá" ni mo fẹ́ tún ṣe, kí àwọn tó ń ṣe àdín ní Ìkẹ́rẹ́ má baà gbà á bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé CO2, gáàsì tí à ń mí jáde, ló ń yí DMCHA padà. Tí DMCHA bá ti fa òróró jáde, ẹ da òun àti omi pọ̀ lọ́gbọọgba, ẹ fẹ́ CO2 sí i, DMCHA á wọnú omi, òróró tó gbé dání á sì léfòó; ẹ gbọ́n ọn kúrò. Àmọ́ kí ẹ tó rí DMCHA yẹn gbà padà, ẹ ó gbé omi náà dé nǹkan bí 60°C, ẹ ó máa fẹ́ náítírójìn sínú rẹ̀ kí CO2 lè jáde. Ooru nìyẹn! Àǹfààní rẹ̀ ni pé a kì í sè é di oru bíi hexane, kẹ́míkà tí wọ́n sábà fi ń yọ òróró, tó ń hó ní 69°C, tó sì tètè ń gbaná.

Ẹni tó béèrè bóyá a lè jẹ àdín náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. DMCHA máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀, májèlé ni, ó sì ń rùn. Omi tí CO2 wà nínú rẹ̀ la fi ń fọ̀ ọ́ léraléra. Èyí tí Jessop, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Kánádà, gbé jáde lọ́dún 2005, tí CO2 náà ń yí padà, ìyẹn àdàpọ̀ kẹ́míkà méjì, DBU pẹ̀lú hexanol, yàtọ̀ sí DMCHA: omi ń ba ìyẹn jẹ́.