Funfun Báláú ní Wimbledon

Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọlọ́lá tẹ́ ẹ lọ wo ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìparí oṣù Kẹfà, kò sí ọjọ́ tí a ṣí WhatsApp ní Òṣogbo tí a kò bá yín níbẹ̀: ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín, funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, abọ́ èso pupa strawberry lọ́wọ́, ẹ̀rín bí ẹni tó jogún pápá. Èmi kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti yí ọjọ́ ọdún Ọbàtálá padà.

Ó wù mí gan-an ni. Fìlà funfun. Bùbá funfun. Kánfáàsì funfun, okùn rẹ̀ funfun. Báàgì funfun. Àpò fóònù pàápàá funfun. Ẹ̀gbọ́n kan láti Òkè-Fìà tilẹ̀ wọ agbádá léèsì funfun lọ. Apá kan bo àga ọ̀tún, apá kejì bo àga òsì, òyìnbó tó jókòó lẹ́yìn sì ń wo tẹ́níìsì láti inú ihò léèsì. Bó bá rí rákẹ́ẹ̀tì, kò ní rí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò.

Ta ló sọ fún yín pé òfin funfun mú òǹwòran? Ẹni tó ń gbá tẹ́níìsì ló mú. Òun ni wọ́n ní kó wọ funfun, wọn ò gba àwọ̀ kírímù, ìlà aláwọ̀ tó bá wà lọ́rùn tàbí lẹ́nu ọwọ́ aṣọ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Roger Federer ti gba ife ẹ̀yẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀méje kó tó wọ bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn ní 2013, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Aṣọ abẹ́ wà nínú òfin yẹn pẹ̀lú. 2023 ni wọ́n tó gbà kí àwọn obìnrin wọ péńpé abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ta ló fẹ́ yẹ pátá yín wò?

Òógùn ló sì fa funfun ọ̀hún. Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó kà á sí ohun ìtìjú kí òógùn hàn lára aṣọ aláwọ̀, funfun ló ń bá wọn bò ó. Ẹni tó sáré ló ń làágùn. Kí ni ẹ̀yin sáré lé?

Mo mọ̀ pé ìyà jẹ yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹni tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà sílẹ̀ ní láti lọ to láìnì ní Wimbledon Park, káàdì onínọ́ńbà kan fún ẹnì kan, ọ̀rẹ́ ò lè gbà á fún ọ̀rẹ́. Tẹ́ ẹ bá lọ tọ̀ tàbí lọ ra oúnjẹ, ẹ má kọjá ìṣẹ́jú 30. Àgọ́ tí wọ́n gbà kẹ́ ẹ sùn sí kò gbọ́dọ̀ gbà ju èèyàn méjì lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo lẹ máa ń mú dání. Nǹkan bíi 500 tíkẹ́ẹ̀tì Centre Court, pápá tó tóbi jù níbẹ̀, ni wọ́n ń tà lórí láìnì yẹn lójúmọ́, àfi ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn tí kò sí rárá. Ẹni tí kò rí ti pápá ńlá gbà á gba tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé lásán, á lọ jókòó sórí òkè koríko, á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n! Irú èyí tí à ń wò ní Òkè-Baálè, tí jẹnẹrétọ̀ ń bá a sọ̀rọ̀.

Orí koríko yẹn gan-an ni ojú ti ń ti funfun. Ìrì ti sẹ̀, ẹ jókòó, ẹ dìde, ìdí ti di ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á kàn mu wọlé ni. Ẹ fi òwú tó mu sípíríìtì ilé oògùn tẹ ojú ibẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi omi tútù ṣàn án, kẹ́ ẹ tó mú ọṣẹ. Ti omi strawberry, omi tútù lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ọsàn wẹ́wẹ́. Ó kéré tán, èso mẹ́wàá ni wọ́n ń kà sínú abọ́ yẹn; £2.50 ni láti 2010, kó tó di £2.70 ní 2025. Èso mẹ́wàá, fọ́tò ogójì, dátà tèmi.

Àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ nígbà kan máa ń pín ọṣẹ olóòórùn fún àdúgbò. Ẹ̀yin, sítátọ́ọ̀sì lẹ̀ ń pín.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Òṣogbo ìlú aró lẹ ti wá. Ẹ sá fún aró. Tí àwọn ìyá olóòṣà bá wọ funfun lọ sódò Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, ẹ̀yin yìí kan náà lẹ máa ń fi fìlà bojú, ẹ ní abọ̀rìṣà ni wọ́n. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ẹ ò tíì débẹ̀ rí, ọ̀kadà ló sì ń gbéni lọ. Àmọ́ òyìnbó wọ funfun báyìí, ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́ dé pátá.

Kí ẹ tiẹ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ lọ wò. Ọ̀gá orí àga gíga ní "love", ọ̀rẹ́ ń fọwọ́ gún ọ̀rẹ́ pé ìfẹ́ ló ń kéde. Òdo ni, ẹ̀yin ará. Láti òdo lọ sí 15, sí 30, sí 40. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé ní 40, ẹni tó bá fi àmì méjì ta ìkejì yọ ló jẹ géèmù. Tẹ́nì kan bá ti ju bọ́ọ̀lù sókè láti gbá a, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ má dìde àfi tí wọ́n bá ń pààrọ̀ apá pápá, agbádá tàbí kò sí agbádá.

Ẹ wá bi wọ́n ta ni Nduka Odizor. Wọ́n á ní ọjà wo ló ti ń ta léèsì. Ọmọ Nàìjíríà tó na Guillermo Vilas ní Wimbledon ní 1983 ni, Vilas ọmọ Argentina tí wọ́n fi sípò kẹrin kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, tó ti kọ́kọ́ jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì, ìyẹn àkójọ géèmù, lọ́wọ́ rẹ̀; Odizor sì dé ìpele kẹrin. Òun náà wọ funfun lọ́jọ́ yẹn. Ó làágùn sínú rẹ̀ fún sẹ́ẹ̀tì márùn-ún.